Ta ni yóò máa wo ìtọ̀ Jagun?

Ìyá kan ní Iléṣà ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà l'Ábújá máa bímọ nínú oṣù Kejìlá, mo sì gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kéré tán. Jagun ni wàhálà mi, akọ ológbò mi tó ti pé ọmọ ọdún méje. Lọ́dún tó kọjá, kò rí ìtọ̀ tọ̀ fún odindi ọjọ́ kan, ọpẹ́lọpẹ́ dókítà tó fi rọ́bà la ojú ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní edé tí mo ń fún un ló fà á, mo sì ti dáwọ́ edé dúró. Kò fẹ́ àlejò sétí rárá. Ó fi èékánná ya nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà débi pé ẹ̀jẹ̀ ń kán. Àbúrò mi ní kí n gbé e wá sí oko òun, pé ológbò ò nílò alágbàtọ́, eku ni yóò máa pa jẹ. Aládùúgbò mi ní ọmọ òun á máa wá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un. Ẹlòmíràn sì júwe ibì kan n'Ífẹ̀ tí wọ́n ti ń gba ajá àti ológbò sọ́dọ̀. Ibo ni kí n gbé e sí?"

Màmá, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo mọ irú ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ológbò tí ìtọ̀ dí mọ́ nínú, tó gbọ́ bó ṣe ń ké, kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n "ibo" lẹ bi mí, èmi á sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé "ta ni". Ológbò tí ara rẹ̀ le lè gbé ibikíbi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó bínú díẹ̀, kó sì gbàgbé. Irú Jagun yìí, ẹni tí yóò máa wo ibi tó tọ̀ sí láàárọ̀ àti lálẹ́ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ilé yín ló wà, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ mi n'Ífẹ̀ níbi tí mo ti ń tọ́jú ẹranko.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ edé yẹn ná, torí bí a ò bá mọ ohun tó fà á, a ò ní mọ ohun tá a máa sá fún. Edé nìkan kọ́. Ojú ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín gan-an, ibi tó ti fẹ́ yọ síta ló sì fún jù. Ti abo gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi í sábà rí abo tí ìtọ̀ rẹ̀ dí. Bí ológbò kò bá mu omi tó, tó jẹ́ pé oúnjẹ gbígbẹ inú àpò ló ń jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á ki. Àwọn nǹkan tó dà bí iyanrìn kíkúnná á máa dì nínú rẹ̀. Bí ara àpò ìtọ̀ bá tún wú nínú, ikun tó ń yọ níbẹ̀ á pò mọ́ iyanrìn náà, á sì di èdídí tí í dí ojú ọ̀nà pa. Nígbà mìíràn kò tiẹ̀ sí èdídí kankan: ẹran ara ojú ìtọ̀ ló sún kì nítorí ìrora. Ohun tó sì ń mú àpò ìtọ̀ wú bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ológbò, kì í ṣe kòkòrò. Ìpayà ni. Mo mọ àwọn tó ń po Ampiclox mọ́ omi ológbò nígbàkigbà tó bá ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lára ológbò tí kò tíì darúgbó, kòkòrò kì í sábà wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fi dán òògùn yẹn wò ti ṣòfò nìyẹn.

Kò sì sí ọjọ́ tá a lè fi ṣòfò. Bí ojú ìtọ̀ bá dí pátápátá, àpò ìtọ̀ á le bí ọsàn wẹ́wẹ́ lábẹ́ ikùn, ìdọ̀tí tó yẹ kó jáde á padà sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Èròjà kan tó ń jẹ́ pòtásíọ́mù á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló sì máa ń dá ọkàn dúró. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ológbò náà ti kú. Ẹni tó bá gbé e wá láàárín wákàtí díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń rí i gbà là. Ẹni tó bá ní kílẹ̀ mọ́ ná, kó tún di ọ̀la, èmi náà á kàn máa gbàdúrà ni.

Ẹ ò sọ bóyá Jagun tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín kó tó di pé ó dí lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, tí wọ́n sì ti na ológbò náà kí wọ́n tó gbé e wá, pé ìkà ló ń ṣe. Kì í ṣe ìkà. Ó ti ń dùn ún nígbà tó bá tọ̀ sínú abọ́ yanrìn tí ẹ gbé kalẹ̀ fún un, ó wá gbà pé yanrìn yẹn ló ń ta òun, ló fi ń wá ibi rírọ̀ mìíràn. Bákan náà ni ti nọ́ọ̀sì tó ya. Àpò ìtọ̀ tó ti fẹ́ bẹ́, kí àlejò wá di ikùn ẹni mú! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ológbò burúkú ni, kí wọ́n sì torí ìyẹn tì í mọ́ kéèjì tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ ìpayà yìí ló sún mọ́ ìrìn àjò yín jù. Ní Ohio State University l'Amẹ́ríkà, Tony Buffington àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011. Ológbò 32 ni wọ́n ń ṣọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 77; 20 nínú wọn ní àrùn àpò ìtọ̀ yìí, ara 12 yòókù sì le koko. Lọ́sẹ̀ tí nǹkan bá yí padà, bíi kí ẹni tó ń bọ́ wọn pààrọ̀ tàbí kí àsìkò oúnjẹ yẹ̀, àwọn tí ara wọn le pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọn ò ní jẹun dáadáa, wọ́n á sì máa tọ̀ síta abọ́ yanrìn wọn. Ẹ rò ó wò: ilé kò yí padà, kéèjì kò yí padà, ènìyàn àti àsìkò ló yí padà. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ, Jagun á mọ̀ ọ́n lára níbikíbi tẹ́ ẹ bá fi í sí. Iṣẹ́ wa ni pé kí ohun tí yóò yí padà kéré, kí ojú sì wà lára rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ojú. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan gbé akọ ológbò funfun kan sọ́dọ̀ mi nígbà tó ń lọ sìnkú l'Ékòó. Ó sọ fún mi pé ìtọ̀ rẹ̀ ti dí rí. Mo gbà á, mo fi í lé ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Lálaalẹ́ ni mo ń béèrè pé, "Ṣé ó ń jẹun?" Á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Òótọ́ ló sì ń sọ, ó jẹun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, èmi fúnra mi fà abọ́ yanrìn yẹn jáde. Bí mo ṣe dà á sílẹ̀ níjọ́ tó dé ló ṣe wà. Ipa ẹsẹ̀ ológbò kún ojú rẹ̀, ó ti walẹ̀ níbẹ̀ lọ́nà bíi mẹ́wàá, kò sì sí ibì kan tó tutù. Mo fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó ti di yìnyín. A ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ìtọ̀ aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá wa dé ọ̀sán. Èmi ni mo pe olówó rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ yẹn kò jẹ̀bi; èmi ni mo béèrè ohun tí kò yẹ kí n béèrè. Láti ọjọ́ náà, ìwé kan wà lára kéèjì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ mi: omi, oúnjẹ, ìtọ̀, ìgbẹ́, àárọ̀ àti alẹ́. Ẹni tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí i kò gbọ́dọ̀ fàmì sí i.

Ní ti oko àbúrò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ológbò mọ ilé ju bó ṣe mọ ènìyàn lọ. Ẹ gbé e dé oko, kí ilẹ̀ tó ṣú á ti wọgbó, yóò máa wá ọ̀nà Iléṣà. Ajá ọdẹ wà níbẹ̀, tàkúté wà níbẹ̀, ọ̀tapiapia tí wọ́n fi pa eku tí yóò pa jẹ wà níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní kò sọnù, inú igbó wo ni àbúrò yín yóò ti máa wá ibi tó tọ̀ sí? Ẹ má sì gbèrò láti gbé e dání lọ sí Àbújá. Ọjọ́ kan gbáko nínú mọ́tò, ilé tí kò mọ̀, ọmọ tuntun tó ń ké, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aboyún kò sì gbọ́dọ̀ máa kó ìgbẹ́ ológbò, nítorí kòkòrò kan tó wà nínú rẹ̀ lè ṣe oyún níjàǹbá.

Ọmọ aládùúgbò yín ńkọ́? Ọmọ dáadáa lè gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó sì ti ilẹ̀kùn padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ológbò mìíràn ni, ì bá tó. Fún Jagun, kò tó, àfi bí ìyá rẹ̀ bá gbà láti máa bá a wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí òun náà sì kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ibi tí wọ́n júwe fún yín n'Ífẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ dúró sí àárín yàrá tí wọ́n ń fi ológbò sí, kẹ́ ẹ tẹ́tí: ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ajá? Ṣé ológbò á máa rí ajá láti inú kéèjì rẹ̀? Ta ló ń sùn níbẹ̀ lóru? Ṣé abọ́ yanrìn wà nínú kéèjì, àbí bébà lásán ni wọ́n tẹ́? Bí ẹ bá fẹ́ fi í síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ti dìgbòlugi àti ti àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ológbò, nítorí kòkòrò àrùn kejì yìí lè wà lára ilẹ̀ fún bí ọdún kan, ọṣẹ lásán kò sì ràn án. Omi Hypo ló ń pa á. Kí wọ́n má sì fi òògùn eégbọn ajá fọ́n ọn lára. Pẹ́métírìnì tó wà nínú púpọ̀ nínú òògùn wọ̀nyẹn, ajá á gbà á, ológbò á gbọ̀n títí yóò fi kú. Ọ̀dọ̀ èmi náà ńkọ́? Mo lè gbà á. Rọ́bà wà, omi fífà sára wà, mò ń sùn nítòsí. Ṣùgbọ́n ajá máa ń kún ọ̀dọ̀ mi nínú oṣù Kejìlá, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Ọ̀nà kejì ni mo ka ọ̀dọ̀ mi sí fún yín, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Àkọ́kọ́ ni pé kí Jagun má kúrò nílé, kí ènìyàn kan wá máa sùn tì í. Ọmọ ìyá yín obìnrin, ọmọ ìjọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba ìsinmi, ẹni tí kò ní máa sáré. Ìjẹ̀ṣà lẹ jẹ́, ẹ mọ òṣómàáló, ẹni tó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè tí kò sì dìde àfi bó bá gbowó rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, ẹni tí yóò lóṣòó ti abọ́ yanrìn, tí kò ní dìde àfi bó bá rí ìtọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìsinsìnyí, nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nílé. Kó jókòó sílẹ̀, kó má wò ó lójú, kó má nawọ́ gbé e. Kí oúnjẹ tó fẹ́ràn jù máa ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Bó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, kì í ṣe àlejò mọ́.

Iyanrìn odò tí ẹ ti jọ̀, tẹ́ ẹ sì ti sá gbẹ nínú oòrùn, ni kẹ́ ẹ fi sínú abọ́ gbẹẹrẹ, kó má jìn ju oríkèé ìka méjì lọ. Abọ́ méjì ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi. Iyanrìn gbígbẹ kì í purọ́: bí ológbò bá tọ̀ dáadáa, ibi tó tutù á tó àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ó sì rí irú rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́rin lójúmọ́. Kí òṣómàáló yín ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì kó o dànù. Bí ibi tó tutù kò bá ju ojú kọ́bọ̀ lọ, tó wà káàkiri, tàbí tí kò sí rárá, kó gbé e lọ bá dókítà. Bákan náà ni bí Jagun bá ń wọnú abọ́ tó ń jáde, tó ń ké, tó ń lá abẹ́ rẹ̀ ṣáá, tàbí tó bì: kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì, òru ni o, òjò ni o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ìgbẹ́ ló há a, torí bó ṣe ń lóṣòó tó ń fún ara. Kó má tẹ ikùn rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́, àpò ìtọ̀ lè bẹ́. Kó má fún un ní àgbo àtọ̀sí. Kó má fún un ní parasitámò. Hóró kan ṣoṣo tó láti pa ológbò.

Omi ṣe pàtàkì nínú oṣù yẹn nítorí ọyẹ́. Ológbò tó wọn kílò mẹ́rin nílò nǹkan bíi 200 mílílítà lójúmọ́, àti èyí tó mu àti èyí tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ bọ ẹja láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà (májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ológbò), láìsí Maggi, kẹ́ ẹ fi omi rẹ̀ po oúnjẹ rẹ̀ títí á fi rọ̀ bí ọbẹ̀. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan, kí wọ́n pè mí. Bó bá di méjì, mẹ́ta, pàápàá bí Jagun bá sanra, ọ̀rá á ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àìsàn tuntun nìyẹn.

Báńgà ló kù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí n'Íléṣà láti ọ̀sẹ̀ Kérésì títí di ọdún tuntun. Ẹ wá páálí Indomie kan, ẹ dojú rẹ̀ kọ ògiri, ẹ tẹ́ ìró yín tí ẹ ò tíì fọ̀ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí yàrá tó jìnnà sí títì. Àwọn ará Yunifásítì Utrecht ní Netherlands dán irú èyí wò lórí ológbò 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi àjèjì, wọ́n sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 2014: àwọn tó ní páálí tí wọ́n lè sá sí, ara wọn tètè balẹ̀ ju àwọn tí kò ní lọ. Bó bá sá síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fà á jáde. Oògùn kan wà, gabapentin, tí dókítà lè kọ fún un fún irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ wo kíndìnrín rẹ̀ ná.

Ẹ lọ bá dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín n'Íléṣà lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó ní rọ́bà ojú ìtọ̀ tó mọ níwọ̀n ológbò? Ti ènìyàn tóbi jù. Bí kò bá ní, ọ̀dọ̀ mi n'Ífẹ̀ ni kí wọ́n gbé e wá; ẹ wá awakọ̀ kan tó lè gbéra lóru, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀, owó rẹ̀, àti ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí pé kí a tọ́jú Jagun láìdúró dè yín, sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní dí lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó bá ti dí rí, ó máa ń padà dí, nígbà mìíràn tí ènìyàn ti ṣe ohun gbogbo. Bó bá di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń sọ ojú ìtọ̀ akọ di gbígbòòrò. Èmi kì í ṣe é. Ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni mo máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ. Mi ò sì tíì fojú kan Jagun. Mo fẹ́ tẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí n wọ̀n ọ́n, kí n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kó tó di pé ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọjọ́ tí ajá kì í pọ̀ lọ́dọ̀ mi, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ má dì í sínú àpò Ghana-must-go bí mo ṣe ń rí i táwọn ènìyàn ń ṣe. Inú páálí tí ẹ lu ihò sí lára ni, kí ìró yín wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ẹni tó máa ṣọ́ ọ dání.